Bí ojú Bi₂Se₃ bá ń gbọ̀n, kí ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lórí rẹ̀ ń ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí, mò ń múra iṣẹ́ àṣekágbá másítà mi lórí Bi₂Se₃ (bismuth selenide). Gbogbo ibi tí mo kà ni wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù orí topological insulator (ohun tí inú rẹ̀ ń dí iná mànàmáná, tí ojú rẹ̀ sì ń gbé e lọ) kì í padà sẹ́yìn, pé kò sóhun tó lè dá a dúró. Síbẹ̀ mo tún ń rí ìwádìí lórí bí ìgbọ̀nrìrì átọ́ọ̀mù ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwádìí kan pe agbára ìdíwọ́ yẹn, ìyẹn λ, ní nǹkan bíi 0.08, òmíràn ní 0.25, òmíràn tún ní 0.43. Òkúta kan náà ni gbogbo wọn wọ̀n! Ta ni kí n gbà gbọ́? Èwo ni kí n fi ṣe ìṣirò mi?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn wò, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í padà sẹ́yìn: òótọ́ ni. Pé kò sóhun tó lè dá a dúró: àsọdùn ni, àwọn tó ń ròyìn sáyẹ́ǹsì ló fi iyọ̀ sí i.

Orí etí ohun pẹlẹbẹ ni gbólóhùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2005, Charles Kane àti Eugene Mele ní Yunifásítì Pennsylvania gbé àbá kalẹ̀ pé ohun pẹlẹbẹ kan lè wà tí inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá, tí etí rẹ̀ yóò sì máa gbé iná náà lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bernevig, Hughes àti Zhang sọ ibi tí a ti lè wá a: inú mercury telluride tín-ín-rín. Ní 2007, ẹgbẹ́ Laurens Molenkamp ní Würzburg, ní Jámánì, wá a lọ síbẹ̀, wọ́n sì rí i. Lórí irú etí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì péré ló wà, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń lọ ní spin tirẹ̀ (ìyípo inú rẹ̀ tó mú un dà bíi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré), èyí tó ń bọ̀ ní spin tó kọjú síbi tó yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ yí padà gbọ́dọ̀ yí spin rẹ̀ pẹ̀lú, ìdọ̀tí lásán tàbí àlàfo tí átọ́ọ̀mù kan fi sílẹ̀ kò sì lágbára láti bá a yí i. Ẹ̀yìn ti dí, ẹ̀gbẹ́ ò sí, iwájú nìkan ló kù. Níbẹ̀, gbólóhùn tí ẹ kà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ péye.

Bi₂Se₃ tiyín kì í ṣe etí. Òkúta gidi ni, tó ga, tó gùn, tó fẹ̀, ojú rẹ̀ sì tẹ́ gbalaja. Ní 2009 ni ìṣirò ẹgbẹ́ Shou-Cheng Zhang àti ìdánwò ẹgbẹ́ Zahid Hasan ní Princeton fi hàn pé topological insulator ni. Lójú òkúta báyìí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní iwájú àti ẹ̀yìn nìkan. Ó lè yà sí igun èyíkéyìí. Spin rẹ̀ ṣì so mọ́ ibi tó ń lọ, ó máa ń dábùú rẹ̀ ni. Tí ẹ bá ṣírò bí spin tó ní kí ó tó yà ṣe bá spin tó máa ní lẹ́yìn tó bá yà mu, ohun tí ẹ máa rí ni cos²(θ/2), níbi tí θ ti jẹ́ igun tó fi yà. Tí θ bá jẹ́ 180°, òdo ni: kò lè padà ní tààrà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 120°, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì wà. Tó bá jẹ́ 90°, ìdajì ni. Ní 60°, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Igun kan ṣoṣo ni ìlẹ̀kùn ti pa mọ́ pátápátá. Àwọn igun tó sún mọ́ ọn há díẹ̀. Àwọn yòókù ṣí sílẹ̀.

Phonon, ìyẹn ìgbọ̀nrìrì àwọn átọ́ọ̀mù, kò sì lè ṣílẹ̀kùn kan tó pa yẹn. Ìgbọ̀nrìrì kì í ṣe mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ fojú inú yí àkókò sẹ́yìn, kí gbogbo átọ́ọ̀mù máa gbọ̀n padà síbi tó ti wá: òfin tó ń darí wọn kò yí padà, agbára tí wọ́n fi ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sì mọ spin kan yàtọ̀ sí èkejì. Nítorí náà, phonon kan ṣoṣo kò lè dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà ní 180°. Ohun tó lè ṣe ni kí ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣe é gan-an ni. Èyí ni ìdáhùn sí apá àkọ́kọ́ ìbéèrè yín: ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ẹ kà kò ta kora.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bismuth ló sọ Bi₂Se₃ di topological insulator, nítorí pé ó wúwo: ìwọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 209, inú irú átọ́ọ̀mù wíwúwo bẹ́ẹ̀ sì ni ìdè tó wà láàárín spin àti ìrìn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti máa ń le tó láti dojú ètò agbára rẹ̀ rú. Ìwúwo yẹn kan náà ló mú kí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lọ́ra. Phonon tó lágbára jù lọ nínú Bi₂Se₃ kò ju nǹkan bíi 23 meV lọ (meV jẹ́ òṣùwọ̀n agbára tó kéré gan-an). Ooru inú yàrá tí a jókòó sí, tó jẹ́ nǹkan bíi 300 K, ń gbé agbára bíi 26 meV. Ìyẹn ni pé lábẹ́ ooru ojoojúmọ́, kò sí phonon kankan nínú òkúta yìí tó ń sùn. Gbogbo wọn ló ti jí. Àlàfo agbára inú rẹ̀ (agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú gbọ́dọ̀ rí kí ó tó lè gbé iná), tó tó 300 meV, tóbi ju ooru yàrá lọ ní ìlọ́po mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé topological insulator inú yàrá ni. Ní ti àlàfo, wọ́n sọ òótọ́. Ní ti ìgbọ̀nrìrì, òkúta náà wà nínú ariwo.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ká wo ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n to Bi₂Se₃ ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan ní awẹ́ márùn-ún, Se, Bi, Se, Bi, Se, gbogbo rẹ̀ sì nípọn tó nǹkan bíi nánómítà kan. Láàárín awẹ́ wọ̀nyí, ìdè náà le. Láàárín ìpele kan àti ìpele kejì, ìdè ẹlẹ́gẹ́ ti van der Waals ni, tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi sẹ́lótéèpù ṣí òkúta náà bí ẹni ń ṣí ìwé. Ìpele tó wà nínú ní aládùúgbò lókè àti nísàlẹ̀ tó ń fà á padà nígbà tó bá gbọ̀n sókè sódò. Ìpele tó wà lójú pátápátá, nísàlẹ̀ nìkan ni aládùúgbò rẹ̀ wà. Ẹ rántí gángan: tí onílù bá dẹ ọwọ́ lára ọṣán, ohùn ìlù á lọ sílẹ̀. Bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní 2014, Sobota àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford fi ìtànṣán lésà kan ta òkúta náà jí, wọ́n sì fi òmíràn tó tẹ̀ lé e ya àwòrán àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bí wọ́n ṣe ń jó sí ìgbọ̀nrìrì náà. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ń jó ní 2.23 THz, ìyẹn ìgbà tírílíọ̀nù 2.23 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tojú òkúta ń jó sí ìyẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń jó sí ohùn kejì tí kò sí nínú rárá, 2.05 THz. Ìṣirò wọn fi hàn pé àìsí aládùúgbò lókè tó láti ṣàlàyé bí ohùn náà ṣe lọ sílẹ̀.

Lójú tèmi, ìwọ̀n yìí ni ẹ̀rí tó mọ́ jù lọ pé phonon ojú òkúta wà lọ́tọ̀, àti pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ojú òkúta ń gbọ́ ọ. Kò gba àríyànjiyàn púpọ̀: ẹ rí ohùn méjì, ẹ mọ ẹni tó ń gbọ́ èwo.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá béèrè pé báwo ni ìdíwọ́ náà ṣe lágbára tó. Ibẹ̀ ni λ ti wọlé.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń wọn λ ni ARPES. Wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú òkúta, ìmọ́lẹ̀ náà ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, wọ́n sì ń wo agbára àti igun tó fi jáde. Tí phonon bá ń dà á láàmú, ìlà tó yẹ kí ó tín-ín-rín á fẹ̀. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i, fífẹ̀ náà á máa pọ̀ sí i ní ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, bí ó sì ṣe ń gòkè sí jẹ́ 2πλ tí a fi iye àìyípadà Boltzmann sọ di púpọ̀. Ní 2011, Hatch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí 0.25 ní ọ̀nà yìí. Ní 2012, Pan, Valla àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí Brookhaven wà lára wọn, rí 0.076. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ọwọ́ mi tú ohun tí iye wọ̀nyí túmọ̀ sí. Ní 300 K, 0.076 ń fún ìlà náà ní fífẹ̀ bíi 12 meV. Ìyẹn ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè rìn fún nǹkan bíi 53 femtosecond kí phonon tó gbá a. Ìyára rẹ̀ tó nǹkan bíi 500,000 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà yóò ti rin nánómítà 26. Tí λ bá jẹ́ 0.25, nánómítà 8 ni. Tó bá jẹ́ 0.43, kò ní pé 5. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀yìn àmì ìdá mẹ́wàá lásán. Ọ̀kan jẹ́ ìrìn tó jọjú, èkejì jẹ́ ìkọsẹ̀ lórí ìkọsẹ̀.

Ibo wá ni 0.43 ti wá? Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ El-Batanouny ní Yunifásítì Boston ni, àwọn kò sì wo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rárá. Átọ́ọ̀mù hílíọ̀mù ni wọ́n ń rọ̀jò lu ojú òkúta. Hílíọ̀mù bẹ́ẹ̀ kì í wọnú. Orí ìkùukùu ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bo ojú òkúta ló ti ń ta padà, ó sì ń gbé ìròyìn phonon ojú náà dání bọ̀. Ìlànà tó dára gan-an ni. Ní 2011, wọ́n kéde pé àwọn kò rí ìgbì Rayleigh, ìgbì ojú ohun líle tí Lord Rayleigh ti ṣàpèjúwe láti 1885, àti pé dípò rẹ̀, phonon kan wà tó ń já wálẹ̀ bíi lẹ́tà V nítòsí ipá kan tí à ń pè ní 2kF (màá ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́). Irú ìjáwálẹ̀ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní Kohn anomaly, nítorí Walter Kohn tó sọ tẹ́lẹ̀ ní 1959 pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irin á fi àmì òbìrìkìtì Fermi tiwọn (ààlà ipá àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lágbára jù lọ) sílẹ̀ lára phonon. Ní 2012, láti inú bí agbára àwọn phonon wọ̀nyí ṣe ń yí padà, wọ́n ṣírò λ ẹ̀ka kan pàtó, wọ́n sì rí 0.43.

Mo ní ìṣòro pẹ̀lú V yẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n nítorí olùyẹ̀wò yín lè béèrè. Kí ni 2kF? Òun ni ìwọ̀n ìlà tó la òbìrìkìtì Fermi já, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì; kF ni ìdajì rẹ̀. Phonon tó ní 2kF lọ́wọ́ ló máa gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti ipá k lọ sí òdìkejì rẹ̀, −k. Ìyẹn gan-an ni ìpadàsẹ́yìn ní 180°! Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tí spin tì pa ni. Níbi tó yẹ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ojú òkúta, tí à ń pè ní ti Dirac, ti dákẹ́ jù lọ, báwo ni wọ́n ṣe wá pariwo jù lọ? Wọ́n ní àwòṣe tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀, èmi ò sì sọ pé kò sí àlàyé rárá. Ṣùgbọ́n ní 2020, ẹgbẹ́ kan láti Graz, ní Austria, fi ẹ̀rọ helium-3 spin-echo, tó ń rí ìyàtọ̀ agbára tó kéré jọjọ, tún ojú Bi₂Se₃ wò. Ìgbì Rayleigh wà níbẹ̀. Ìṣirò phonon tí wọ́n ṣe, tó ka ìdè spin àti ìdè van der Waals mọ́ ọn, bá ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n wọ̀n mu dáadáa. λ tiwọn jẹ́ 0.23. Ẹgbẹ́ Graz kan náà ti wọn Bi₂Te₃, ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, ní 2017, wọ́n sì rí λ tó wà láàárín 0.04 sí 0.11. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ iṣẹ́ yín, màá dárúkọ V náà, màá sọ ẹni tó rí i, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ́lé lé e lórí.

Ìyàtọ̀ iye wọ̀nyí kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan ń parọ́. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń bi òkúta náà. ARPES mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ó ní: gbogbo phonon lápapọ̀, mélòó ni wọ́n fi ń dà ọ́ láàmú? Ìṣirò Boston mú ẹ̀ka phonon kan, ó ní: gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lápapọ̀, mélòó ni wọ́n fi ń dà ọ́ láàmú? Òǹkà kan náà kọ́ ni, bí lẹ́tà Gíríìkì tí wọ́n fi kọ wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá tò wọ́n sínú tábìlì kan ṣoṣo láìsọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n wọ́n ń kó àgbàdo àti ọkà bàbà sínú àpò kan.

Ṣùgbọ́n 0.076 àti 0.25, ARPES kan náà ni. Èyí ló le jù láti tú. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni òkúta fúnra rẹ̀. Se máa ń sá kúrò nínú Bi₂Se₃ nígbà tí wọ́n bá ń sè é, àlàfo tó bá fi sílẹ̀ sì ń fún òkúta náà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò bẹ̀bẹ̀ fún, tó fi jẹ́ pé inú tó yẹ kó dí di ibi tí iná ń gbà kọjá. Òkúta méjì tí a sè ní ibi méjì lè ní kF tó jìnnà síra. Tí òbìrìkìtì Fermi bá tóbi, phonon tó ní ipá púpọ̀ nìkan ló lè gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù la òbìrìkìtì náà já. Tó bá sì wọ agbègbè agbára ibi tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ojú lè ṣubú sínú, fífẹ̀ ìlà á wá ní orísun kejì. Ojú náà tún máa ń yí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i tán. Kódà nínú òfìfo tó mọ́ jù lọ, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù ń bà lé e, láàárín wákàtí díẹ̀ sì ni ìpele ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ mìíràn á hù lábẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe ti Dirac. Nítorí náà, ẹ wo kF àti ọjọ́ orí ojú òkúta nínú ìwádìí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi λ rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn.

(Ẹ lè bi mí pé ìtakùrọ̀sọ láàárín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ńkọ́? Nínú òkúta yìí, ó rọlẹ̀. Bi₂Se₃ máa ń bo agbára Coulomb, èyí tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń ti ara wọn, mọ́lẹ̀; dielectric constant rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ìbòmọ́lẹ̀ náà, tó nǹkan bíi 100. Ìdí nìyẹn tí phonon fi gba ipò iwájú nígbà tí òkúta náà bá móoru.)

Ó ku iye tí ẹ máa fi ṣe ìṣirò. Ẹ kò sọ ohun tí ẹ ń ṣírò fún mi, òun ló sì máa pinnu. Tó bá jẹ́ pé àwòrán ARPES lẹ fẹ́ fara wé, ẹ mú λ láti inú ARPES tí kF rẹ̀ sún mọ́ tiyín jù. Tó bá jẹ́ ìdènà iná lẹ ń wá, ẹ má mú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bẹ́ẹ̀. Ìdènà iná kì í ka gbogbo ìkọsẹ̀ sí bákan náà. Èyí tó yí ọ̀nà díẹ̀ kò ṣe nǹkan púpọ̀, èyí tó yí i gan-an ló ń dun iná, ìwúwo rẹ̀ sì ni 1 − cosθ. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú cos²(θ/2) ti spin, ohun tó máa kù lọ́wọ́ yín ni ìdajì sin²θ. Ìyẹn dé góńgó ní 90°, ó sì jẹ́ òdo ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń dá kún ìdènà iná ojú òkúta yìí jù. Ẹ fi ìwúwo yẹn ṣe àròpọ̀ lórí òbìrìkìtì Fermi, ẹ ó ní λ ti ìrìn iná, tí yóò kéré sí èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wé ìdánwò ẹgbẹ́ Michael Fuhrer ní Yunifásítì Maryland ní 2012. Wọ́n bó Bi₂Se₃ títí ó fi tín-ín-rín tó nǹkan bíi nánómítà 10, wọ́n fi gate (irin tí wọ́n fi fóltéèjì sí) fa ìpele agbára Fermi wá sínú àlàfo agbára kí inú má baà dá sí i mọ́, wọ́n sì wọn ìdènà iná ojú rẹ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i. Ó ń gòkè gbọnrangandan pẹ̀lú ooru, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kí phonon ṣe. Tí ìlà tiyín bá gòkè jù tiwọn lọ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ gbàgbé cos²(θ/2). Ẹ sì kọ kF tí ẹ lò sínú iṣẹ́ náà, lójú ewé kan náà pẹ̀lú λ.